Màmá tí mò ń tọ́jú ní Brighton Beach ní àwọn kì í ṣe ará Rọ́ṣíà. Kí ni kí n kọ sínú fọ́ọ̀mù?

ÌyáÌbejì_Brooklyn:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn kí ọjọ́ Mọ́ńdè tó dé.

Iṣẹ́ ìtọ́jú àgbà ni mò ń ṣe ní Brooklyn níbí. Láti oṣù kẹsàn-án, ọ̀dọ̀ màmá kan ní Brighton Beach ni mò ń lọ, ní àdúgbò tí reluwé ń gba òkè orí ọjà kọjá yẹn. Ẹni ọdún 88 ni wọ́n. Odessa ni wọ́n bí wọn sí, 1979 ni wọ́n dé Amẹ́ríkà. Júù ni wọ́n. Ẹ́jẹ́ńsì tó gbé mi lọ síbẹ̀ ti sọ fún mi pé Júù kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀, kì í tan iná lọ́jọ́ Sátidé, mo sì kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ bí ọmọ iléèwé.

Ọ̀sẹ̀ kejì ni ọmọ-ọmọ wọn gbé sọ́séèjì wá. Mo ka ara ọ̀rá ẹ̀, ẹlẹ́dẹ̀ ni. Mo bá rọra tì í sẹ́yìn ìkòkò ọbẹ̀ nínú fìríìjì, mo rò pé mò ń yọ wọ́n nínú ẹ̀ṣẹ̀. Nígbà tí Màmá bèèrè fún un, mo ní, "Màmá, ẹlẹ́dẹ̀ mà ni." Wọ́n wò mí láti òkè délẹ̀. Wọ́n dìde fúnra wọn, wọ́n ti ọ̀pá ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin wọn dé ìdí fìríìjì, wọ́n gé sọ́séèjì náà lé búrẹ́dì dúdú, wọ́n sì dúró níwájú mi jẹ ẹ́ tán. Mo gbà fún wọn.

Ọ̀rọ̀ fọ́ọ̀mù ló wá mú mi kọ èyí. Ibì kan wà tí àwọn àgbà ti máa ń lọ najú lọ́sàn-án, wọ́n á ta ayò, wọ́n á jó díẹ̀. Wọ́n ní ká kọ fọ́ọ̀mù, wọ́n sì bèèrè orílẹ̀-èdè tí èèyàn ti wá. Tẹlifíṣọ̀n Màmá, Rọ́ṣíà. Ìwé tí wọ́n ń kà, Rọ́ṣíà. Èdè tí wọ́n fi ń bá ológbò wọn jà, Rọ́ṣíà. Mo kọ Rọ́ṣíà. Màmá gba bébà lọ́wọ́ mi, wọ́n wọ awò ojú, wọ́n fi báírò pa á rẹ́ títí bébà fi ya. Mo ní ṣé kí n kọ Ukraine ni? Wọ́n ní rárá. Ísírẹ́lì ńkọ́? Wọ́n rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò dénú. Wọ́n ní inú ìwé nìkan ni àwọn ti lọ sí Ísírẹ́lì, ẹsẹ̀ àwọn ò débẹ̀ rí. Ni wọ́n bá kọ "Odessa" gàdàgbà síbẹ̀. Wọ́n ti dá fọ́ọ̀mù náà padà, wọ́n ní ìlú ni Odessa, kì í ṣe orílẹ̀-èdè.

Kí ni kí n kọ? Ẹ̀ẹ̀kejì, wọ́n ti ní kí ọmọ-ọmọ wọn wá gbé igi Kérésì sílé lóṣù Kejìlá. Júù wo ló ń gbé igi Kérésì wọlé?

OmoIjebu_Houston:
Kọ "Màmá" síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ bùṣe.

Ajíhìnrere_Dáyọ̀:
Arábìnrin, Ọlọ́run ló gbé yín síbẹ̀. Ẹni tó bá ti ń jẹ ẹlẹ́dẹ̀, ilẹ̀kùn ti ṣí nìyẹn. Igi yẹn, àmì ni. Ẹ fún wọn ní ìwé àṣàrò kékeré, ẹ fi í sí ẹ̀gbẹ́ tíì wọn.

Nọ́ọ̀sì_Títí:
Bùrọ̀dá Dáyọ̀, ẹ má jẹ́ kí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Ìyá Ìbejì, má dán an wò. Mò ń bọ̀ wá sọ ti igi yẹn, ẹnu iṣẹ́ ni mo wà.

Alàgbà_Lumumba85:
Ọmọ mi, o kú iṣẹ́. Mo kàwé ní Moscow, ní yunifásítì Patrice Lumumba, láti 1979 títí di 1985. Jẹ́ kí n sọ ìdí tí Màmá fi ya bébà.

Láti 1932 ni ìjọba Sófíẹ̀tì, ìyẹn ìjọba tó kó Rọ́ṣíà, Ukraine àti àwọn ilẹ̀ mìíràn pọ̀ nígbà náà, ti ń fún àwọn èèyàn rẹ̀ ní páásípọ́ọ̀tù abẹ́lé, èyí tí wọ́n ń mú rìn nínú ìlú tiwọn. Ẹni tó bá pé ọmọ ọdún 16 ló ń gbà á. Orúkọ wà níbẹ̀, ọjọ́ ìbí wà níbẹ̀, ibi ìbí wà níbẹ̀, lẹ́yìn náà ni wọ́n á kọ orílẹ̀-èdè rẹ. Kì í ṣe ilẹ̀ tí wọ́n bí ọ sí ni wọ́n ń wò kọ ìyẹn o, ẹ̀jẹ̀ ni. Ẹni tí ìyá àti bàbá rẹ̀ bá jẹ́ Júù, "yevrei" ni wọ́n máa kọ fún un, ì báà ṣe àárín ìgboro Moscow ni wọ́n bí i sí, kí ó má sì gbọ́ èdè mìíràn ju Rọ́ṣíà lọ. Bí ìyá bá jẹ́ ọ̀tọ̀, tí bàbá jẹ́ ọ̀tọ̀, ọmọ lè mú èyí tó wù ú nínú méjèèjì. Mélòó ni ẹ rò pé ó ń mú Júù? Ìlà karùn-ún ni wọ́n ń pè é lẹ́nu, torí ibi karùn-ún ló máa ń wà nínú fọ́ọ̀mù iṣẹ́. Àwọn Júù tí a jọ ń rìn máa ń fi ara wọn ṣẹ̀fẹ̀ pé aláàbọ̀ ara ìsọ̀rí karùn-ún ni àwọn. Ìsọ̀rí mẹ́ta péré ni ìjọba ní fún aláàbọ̀ ara, ẹ̀fẹ̀ ibẹ̀ nìyẹn.

Ọ̀kan nínú wọn, ìṣirò ò ju eré lọ lójú rẹ̀. Ó lọ ṣe ìdánwò ẹnu láti wọ yunifásítì ńlá kan. Wọ́n gbé ìbéèrè kan fún un tí ọ̀jọ̀gbọ́n fúnra rẹ̀ máa jókòó tì dalẹ́. Nígbà tó yá, wọ́n ní ó fìdí rẹmi. Iléèwé tí wọ́n ti ń kọ́ nípa epo rọ̀bì ló padà lọ, torí ibẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ le mọ́ wọn. Mo rí i lójú mi, ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi.

Wá ṣírò ti Màmá. Bí wọ́n bá jẹ́ ọmọ ọdún 88, wọ́n ti gba ìwé yẹn ní nǹkan bí 1952. Títí wọ́n fi jáde ní 1979, gbogbo fọ́ọ̀mù tí wọ́n bá kọ, ìlà yẹn ló ń dúró dè wọ́n. Fún ọdún 27 gbáko ni ìjọba fi ń kọ ọ́ fún wọn pé àwọn kì í ṣe ará Rọ́ṣíà. Ìwọ wá gbé báírò ní Brooklyn, o ní ará Rọ́ṣíà ni wọ́n.

Ti ẹlẹ́dẹ̀ ò tó nǹkan. Wọ́n ti ti ọ̀pọ̀ sínágọ́gù pa, wọn ò gbà kí ẹnikẹ́ni kọ́ ọmọ ní èdè Hébérù. Ìran méjì sí mẹ́ta dàgbà láìmọ ohun tó ń jẹ́ Sábáàtì. Ohun tó kù fún wọn nínú Júù ni ìlà yẹn, orúkọ tí wọ́n ń jẹ́, àti èdè Yiddish tí ìyá àgbà máa ń sọ nígbà tí kò bá fẹ́ kí àwọn ọmọ gbọ́. Wọ́n máa ń sọ ọ́ níbẹ̀ pé ojú ni wọ́n ń gbá, kì í ṣe páásípọ́ọ̀tù.

Ohun kan kù. Yevrei ni kí o sọ bó bá kàn ọ́. Ọ̀rọ̀ kan tún wà, zhid. Èébú ni, má jẹ́ kó bọ́ lẹ́nu rẹ.

ÌyáÌbejì_Brooklyn:
Ha! Ẹ ṣeun gan-an, sà. Ara mi bù máṣọ. Ṣùgbọ́n kí ló dé tí wọ́n fi ní inú ìwé nìkan ni àwọn ti lọ sí Ísírẹ́lì?

Kúnlé_Haifa:
Ẹ̀gbọ́n, mo kẹ́kọ̀ọ́ ní Haifa, mo bá irú wọn gbé dáadáa. Sófíẹ̀tì kì í fún èèyàn láyè pé ó fẹ́ lọ Amẹ́ríkà. Ohun tí wọ́n lè gbà, tí wọ́n bá máa gbà rárá, ni kí Júù lọ bá ẹbí rẹ̀ ní Ísírẹ́lì. Nítorí náà, físà Ísírẹ́lì ni gbogbo wọn ń gbà. Ọjọ́ tí o bá gbà á, o ti kúrò lọ́mọ orílẹ̀-èdè wọn nìyẹn, wàá sì tún sanwó kí wọ́n tó gba ìwé ìlú lọ́wọ́ rẹ. Rò ó wò: o ń sanwó kí wọ́n lè lé ọ dànù.

Reluwé ló ń gbé wọn gba ẹnubodè Chop lọ sí Vienna, àwọn aṣọ́bodè á ti tú ẹrù wọn palẹ̀ kí wọ́n tó kọjá. Vienna ni ọ̀nà ti ń pín. Ẹni tó ń lọ Ísírẹ́lì á wọ bàálù. Ẹni tó bá ní Amẹ́ríkà ni òun ń lọ, HIAS, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn Júù tó ń ran àwọn tó ṣí kúrò nílùú lọ́wọ́, á gbà á, wọ́n á gbé e lọ sí agbègbè Róòmù kó lọ dúró de ìwé. Ladispoli, ìlú kékeré létí òkun, ni ọ̀pọ̀ wọn gbé fún oṣù mélòó kan. Wọ́n ń ta aṣọ ibùsùn, kámẹ́rà àti bèbí onígi tí wọ́n kó bọ̀ láti ilé lọ́jà ọjọ́ Àìkú. Ọdún 1979 tí Màmá jáde yẹn, ó lé ní 50,000 Júù tó kúrò ní Sófíẹ̀tì, kò sí ọdún kankan láàárín 1970 sí 1979 tí wọ́n pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Orúkọ tí wọ́n fún irú wọn ní Ísírẹ́lì ni noshrim, àwọn tó jábọ́ lójú ọ̀nà. Lílọ sí Ísírẹ́lì, gígòkè ni wọ́n ń pè é. Kíkúrò níbẹ̀, sísọ̀kalẹ̀ ni. Ẹ̀rín tí kò dénú yẹn, ó jọ pé ibẹ̀ ló ti wá.

Ẹ má rò pé àwọn tó gòkè náà rí ìsinmi o. Láti 1989 síwájú, wọ́n tó mílíọ̀nù kan tó dé láti ilẹ̀ Sófíẹ̀tì. Ẹ mọ ohun tí wọ́n ń pè wọ́n ní Ísírẹ́lì? Ará Rọ́ṣíà. Òfin Ìpadàbọ̀ 1950, nígbà tí wọ́n fẹ̀ ẹ́ ní 1970, gba ẹni tí bàbá àgbà rẹ̀ péré jẹ́ Júù láàyè láti wọlé. Ṣùgbọ́n àwọn rábì, ọ̀dọ̀ ìyá ni wọ́n ń wò. Ọmọ kíláàsì mi kan, bàbá rẹ̀ ni Júù, ìyá kọ́. Ó ti ṣe sójà fún ìlú. Ìgbà tó fẹ́ gbéyàwó, kò sí rábì tó máa so wọ́n pọ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ìgbéyàwó kọ́ọ̀tù ní Ísírẹ́lì. Cyprus ni wọ́n wọ bàálù lọ lọ́jọ́ Tọ́sìdé, wọ́n ti dé lọ́jọ́ Àìkú, ìjọba sì kọ ọ́ sínú ìwé pé tọkọtaya ni wọ́n. Mo wà lára àwọn tó jẹ ìrẹsì níbẹ̀.

Àbẹ̀kẹ́_Köln:
Ẹ wá gbọ́ ti Jámánì. Láti 1991 ni wọ́n ti ṣílẹ̀kùn níbí fún Júù tó ń bọ̀ láti ilẹ̀ Sófíẹ̀tì, ó sì lé ní 200,000 èèyàn tó wọlé kí wọ́n tó mú un le ní 2005. Obìnrin tí a jọ ń gbé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan náà, ọ̀dọ̀ bàbá ni Júù tirẹ̀ ti wá, bíi ti ọ̀rẹ́ Kúnlé. Ọ́fíìsì ìjọba Jámánì wo ìwé rẹ̀, wọ́n ní Júù ni, kó máa bọ̀. Ó dé, ó lọ forúkọ sílẹ̀ ní sínágọ́gù, wọ́n bi í pé ìyá rẹ̀ ńkọ́. Ó di pé kì í ṣe Júù mọ́. Ó sọ fún mi pé, "Àbẹ̀kẹ́, Júù tí mo jẹ́ ní Jámánì, láti ọ́fíìsì dé ẹnu ọ̀nà sínágọ́gù ni."

Mo tún bi í léèrè bí ọkàn rẹ̀ ṣe gbà á láti wá máa gbé Jámánì, lẹ́yìn ohun tí wọ́n ṣe fún wọn. Mẹ́dà tí bàbá rẹ̀ gbà lójú ogun wà nínú gíláàsì ní pálọ̀. Ó nawọ́ sí i. Ó ní bàbá òun ti kọ́kọ́ dé ní 1945, pẹ̀lú ìbọn.

Nọ́ọ̀sì_Títí:
Mo ti jáde níbi iṣẹ́. Ọdún 9 ni mo lò ní Brighton Beach, kí n sọ èyí tí mo mọ̀.

Bàtà ni kí o kọ́kọ́ mójú tó. Bọ́ ọ lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n máa ń ní sílípáàsì fún àlejò, tapochki ni wọ́n ń pè é. Tí o bá fi bàtà títì wọlé, o ti já wálẹ̀ lójú wọn kí o tó kí wọn.

"Màmá" dáa, àmọ́ wọ́n ní tiwọn. Bi ọmọ-ọmọ wọn léèrè orúkọ bàbá Màmá. Ká ní Raisa ni Màmá ń jẹ́, tí bàbá wọn sì ń jẹ́ Lev, Raisa Lvovna ni wàá máa pè wọ́n, Raisa ọmọ Lev. Kí ọmọdé la orúkọ mọ́ àgbà lórí, ojú tí àwa fi ń wò ó náà ni wọ́n fi ń wò ó. Ọdún kejì kí n tó mọ èyí. Ọjọ́ tí mo sọ ọ́, ìyá tèmi pa tẹlifíṣọ̀n.

Ti igi yẹn: kì í ṣe igi Kérésì. Ìjọba Sófíẹ̀tì ti kọ́kọ́ lé igi àti Kérésì jáde pọ̀. Ìparí 1935 ni wọ́n mú igi padà, wọ́n gbé e fún Ọdún Tuntun. Jésù ò sí níbẹ̀, rábì ò sí níbẹ̀, ìdí nìyẹn tí gbogbo ẹ̀yà fi ń ṣe é. Yolka ni igi náà, alẹ́ ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ni ayẹyẹ rẹ̀. Má kí wọn kú Kérésì o! S Novym Godom ni kí o sọ, ìyẹn ẹ kú ọdún tuntun. Wọ́n á ní kí o bá wọn gé sàláàdì Olivier: ọ̀dùnkún, kárọ́ọ̀tì, ẹyin, píìsì, kúkúḿbà oníyọ̀, sọ́séèjì, kí o wá da mayonnaise bò ó. Ọmọ ìyá sàláàdì tí à ń jẹ níbi òde ní Ṣúrùlérè ni. Ṣùgbọ́n gígé rẹ̀, kí gbogbo ẹ̀ kéré bákan náà bí píìsì inú rẹ̀ ni. Tí tìrẹ bá tóbi jù, wọ́n á sọ fún ọ, wọn ò ní fi bò.

Ọjọ́ 9 oṣù Karùn-ún ni wọ́n ń ṣe ìrántí ìṣẹ́gun lórí Hitler. Bí ìdajì mílíọ̀nù Júù ló bá Sófíẹ̀tì ja ogun yẹn. Tí Màmá bá gbé mẹ́dà ẹnikẹ́ni jáde, gbé fóònù sílẹ̀, kí o jókòó. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Odessa ní oṣù Kẹwàá 1941, nígbà tí àwọn sójà Romania àti ti Jámánì gba ìlú, ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà mẹ́wàá-mẹ́wàá Júù ni wọ́n pa. Màmá á jẹ́ ọmọ ọdún 5. Bí wọ́n bá ṣì wà láàyè, ẹnì kan ló gbé wọn sá ní àkókò. Má fi ìbéèrè fà á jáde. Bí wọ́n bá fẹ́ sọ ọ́, wọ́n á sọ.

Ti ogun tó ń lọ lọ́wọ́ yìí, má dá sí i rárá. Láti 2022 ni Rọ́ṣíà ti ń ju bọ́ǹbù, ó sì ń bà sí Odessa, èdè Rọ́ṣíà yìí kan náà sì ni èdè ìyá wọn. Àwọn ṣọ́ọ̀bù kan ní àdúgbò yẹn tí Rọ́ṣíà wà nínú orúkọ wọn ti yọ ọ́ kúrò lára pátákó.

Fún fọ́ọ̀mù, mo rò pé Ukraine ló máa wọlé. Nínú kọ̀ǹpútà wọn, Ukraine ni Odessa wà.

Alàgbà_Lumumba85:
Nọ́ọ̀sì, mi ò gbà. Nígbà tí wọ́n bí Màmá, kò sí páásípọ́ọ̀tù Ukraine láyé. Sófíẹ̀tì ni kí ó kọ. Àmọ́ láàárín ẹnu ìwọ àti àwọn, Ìyá Ìbejì, ohun tí wọ́n fọwọ́ ara wọn kọ ni kí o máa tẹ̀ lé. Ìlú ni kí o máa bi wọ́n, má bi orílẹ̀-èdè. Bi wọ́n pé báwo ni òkun Odessa ṣe rí, kí o wá jókòó dáadáa, torí ó máa pẹ́.

OmoIjebu_Houston:
Mo fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré lánàá, ẹ má bínú. Ìyá màmá mi àgbà, bí ẹ bá pè wọ́n ní Yorùbá, wọ́n á ní Ìjẹ̀bú ni àwọn, ará Ọ̀yọ́ ni Yorùbá. Àwọn èèyàn wa tó balẹ̀ sí Freetown, torí pé "ẹ kú" ni wọ́n fi ń kí ara wọn, wọ́n di Aku. Àwọn tí wọ́n kó lọ sí Cuba di Lucumí, ti Brazil di Nagô. Ta ló bi ẹnikẹ́ni nínú wọn? Lójú tèmi, Odessa dúró. Kí àwọn tó ni fọ́ọ̀mù lọ fẹ ìlà wọn.

Ajíhìnrere_Dáyọ̀:
Mo ti gbọ́ gbogbo yín. Mo ṣì ń gbàdúrà fún wọn ṣá.

ÌyáÌbejì_Brooklyn:
Ẹ̀yin ará, mo ti lọ, mo ti bọ̀.

Mo bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà. Mo pe orúkọ wọn mọ́ ti bàbá wọn, bí Nọ́ọ̀sì ṣe wí (mi ò ní kọ ọ́ síbí). Wọ́n yọ awò ojú. Wọ́n ní ta ló kọ́ mi? Mo ní àwọn ẹ̀gbọ́n mi inú fóònù ni.

Mo gbé fọ́ọ̀mù tuntun jáde. Mo kọ Odessa sí ibi ìbí, wọ́n gbà. Mo kọ Rọ́ṣíà sí èdè, wọ́n gbà. Ó ku ibi orílẹ̀-èdè. Mo ka gbogbo tiyín fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan: Sófíẹ̀tì, Ukraine, Júù. Wọ́n kàn ń mi orí ni. Wọ́n ní kí n gbé agolo bisikíìtì kan wá lórí kọ́bọ́ọ̀dù. Bébà kan wà nínú rẹ̀, wọ́n fi ọ̀rá wé e: ìwé tí wọ́n fi di ọmọ Amẹ́ríkà, 1985, fọ́tò wọn wà lára rẹ̀ tàwọn ti irun dúdú. Wọ́n ní ọdún mẹ́fà ni àwọn lò láìjẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè kankan, ọjọ́ tí àwọn búra, òjò ń rọ̀, bàtà tuntun ni àwọn wọ̀, omi wọ inú rẹ̀.

Gbogbo wa tí a ti ń jiyàn láti ọjọ́ yìí, àtèmi tí mò ń dá lọ́yà lówó nítorí ìwé kan náà, kò sí ẹni tó dárúkọ Amẹ́ríkà.

Mo kọ ọ́. Wọ́n ti gba fọ́ọ̀mù. Nọ́ọ̀sì Títí, kúkúḿbà oníyọ̀ yẹn, ṣé a máa ń bó èèpo rẹ̀ ni? Wọ́n ti ní èmi ni máa gé e.

Nọ́ọ̀sì_Títí:
Má bó o. Fún omi rẹ̀ dànù kí o tó pò ó, tí kò bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, mayonnaise á ṣàn.